Ohun Tí Ìyá Dàpọ̀ Fẹ́ Sọ Fún Mi Lọ́jọ́ Ìgúnlẹ̀ sí Àgọ́

Bódìjà, Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé.

Fẹ́mi ọmọ mi, Àkànjí,

Ìyá rẹ ló mú ìròyìn náà wọlé. Kò tíì sọ agbọ̀n tó gbé bọ̀ láti ọjà kalẹ̀ tó ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti fi Fẹ́mi ṣe ọ̀gá àgọ́ síkáòtù o! Sátidé tó ń bọ̀ yìí làwọn ọmọ máa gúnlẹ̀!" Ó dúró kí n dìde, kí n fò sókè. N kò dìde. Mo ní, "Ó dáa, o kú ewu ọjà," mo sì kọjú sí ògiri. Ó rò pé ìlara ló ń ṣe mí. Bóyá ìwọ náà á rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá gbọ́ pé bàbá rẹ, tó wọ aṣọ síkáòtù fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò lè fi ẹnu kan ṣoṣo kí ọ kú oríire.

Láti Bódìjà sí Challenge kì í ṣe ìrìn àjò. Mo lè wọ mọ́tò láàárọ̀ yìí kí n sì bá ọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òtítọ́ sì ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí n kò fi wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò ní ojú tí mo lè fi wò ọ́ bí mo bá ń sọ ọ́. Jọ̀wọ́, jókòó kà á tán. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo lè kọ ọ́.

O ti bi mí rí pé kí ló dé tí mo fi ṣíwọ́ síkáòtù. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lo wà nígbà náà, o kò sí nítòsí. Mo sọ fún ọ pé orúnkún ló ń dùn mí. Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ kan ló kú lọ́wọ́ mi ní àgọ́, Fẹ́mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ikú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀, níbi tábìlì tí mo ti ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí Sátidé tó dé, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà bá irú rẹ̀ pàdé lọ́wọ́ tìrẹ.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ yóò rí lọ́jọ́ náà, torí mo mọ̀ ọ́. O dà bí èmi. O fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, bí kò bá sì sí létò, ohùn rẹ máa ń ga.

Èkíní ni òjò. Oṣù kẹjọ la wà. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé aago mẹ́wàá ni mọ́tò àwọn ọmọ máa kúrò ní Ìwó Road, kí o mọ̀ pé aago méjìlá ni. Ọ̀kan á tún bàjẹ́ ní Òjòó, dírẹ́bà á ní kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, á sì di wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí wọn ó fi dé oko tí ẹ fẹ́ pa àgọ́ sí lẹ́yìn Àpẹ́tẹ̀, òjò á ti ṣú dùdù. Má to àwọn ọmọ sójú pápá kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn àgbà ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ju bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Sọ fún wọn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ pé o fẹ́ kí àgọ́ dúró kí òjò tó dé, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bá ọ di okùn mú. O máa rí i bí wọn ó ṣe rántí pé àwọn ní ìpàdé níbòmíràn.

Èkejì ni àwọn òbí. Ìyá kan máa wà tí yóò padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbàgbé aṣọ ìbora ọmọ, ó gbàgbé tọ́ọ̀ṣì, ó gbàgbé pé òun ti dágbére. Má fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá kan á sì wà tí yóò máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin kì í sunkún, tí ojú tirẹ̀ á sì ti pọ́n. Ọmọ tó ń sunkún kì í ṣe ìṣòro rẹ, á sun ún tán kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ọmọ tó dákẹ́, tó kàn ń wo ẹnu rẹ ṣáá bí ẹni tó ń dúró de nǹkan, òun ni kí o fi ojú sí lára.

Ẹ̀kẹta, ṣáláńgá. Mú wọn lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí gbogbo wọn mọ ọ̀nà ibẹ̀, àti èyí tó gbọ́n àti èyí tó ń ṣe bí ẹni tó gbọ́n. Ọmọ ìgboro ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ Bódìjà tó jẹ́ pé inú ilé ló ti ń yàgbẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀rù á máa bà á láti lọ, kò sì ní sọ.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, pé kí ẹ yẹ àpótí àwọn ọmọ wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Ibi àpótí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Jẹ́ kí n sọ ti Dàpọ̀.

Ìyá Dàpọ̀ ń ránṣọ ní Agbowó nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ gbà bọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Aládùúrà ni gbogbo ilé wọn. Wárápá ń ṣe Dàpọ̀. O mọ ojú tí àwa Yorùbá fi ń wo àìsàn yẹn, a kì í tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lójú ọmọdé. Àwọn ará ìjọ gbà á ládùúrà, wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí rẹ̀, àìsàn náà sì lọ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ni ìyá ọmọ bá mú ọrẹ lọ sílé Ọlọ́run, ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti wo ọmọ òun sàn. Tọkàntọkàn ló fi jẹ́rìí náà. Ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀hún padà wá. Báwo ni yóò ṣe tún lọ sọ fún ìjọ pé ó ti padà dé? Obìnrin náà kò sì fẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ dán ohunkóhun wò. Ó ń gbàdúrà, ó sì ń yọ́ lọ gba oògùn nílé ìwòsàn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kódà ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò dá a lẹ́bi. Ẹ̀yìn ikú ọmọ náà ni mo tó gbọ́ gbogbo èyí, lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó ń fún un ní oògùn náà.

Lọ́jọ́ ìgúnlẹ̀, mo gbé tábìlì mi sábẹ́ igi máńgòrò lójú pápá. Mo ti fi sítáàṣì sí aṣọ kakí mi, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé, lójú tèmi, ó ti di òtítọ́ nìyẹn. Mo fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé ńlá mi: orúkọ, ọjọ́ orí, ilé ìwé, àìsàn. Àwọn òbí tò pẹ̀lú ọmọ wọn, mo sì ń fi ohùn tí gbogbo pápá ń gbọ́ béèrè.

"Ọmọ yín ní àìsàn kankan?"

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ọmọ yín ní àìsàn?"

"Kò sí, sà! Ti aláìsàn kò ní jẹ́ tiwa o!"

Bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ọmọ tó lé ní ọgbọ̀n, Fẹ́mi, kò sí ẹyọ kan tí orí ti fọ́ rí. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè mi gan-an ló ń ṣàìsàn. Ìyá wo ni yóò dúró láàárín èrò kó kígbe àrùn ọmọ rẹ̀? Ṣé kí wọ́n lè máa nawọ́ sí i ní Agbowó ni? Ṣé kí àwọn ọmọ yòókù má baà jókòó tì í? Ṣùgbọ́n mo ń kọ "ara le, ara le, ara le" láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi sì dùn pé àwọn ọmọ alálàáfíà ni mo kó.

Nígbà tó kan ìyá Dàpọ̀, ìyáàfin kan láti ìjọ wọn, tí òun náà mú ọmọ wá, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mo béèrè. Ìyá Dàpọ̀ wo ẹ̀yìn. Ó tún wo ìwé mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ yín ní àìsàn?"

Obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Ha, Bàbá Síkáòtù! Ọmọ ìyanu lẹ rí yẹn. Gbogbo ìjọ wa ló jẹ́rìí sí i."

Ìyá Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ara rẹ̀ le, sà. A dúpẹ́."

Mo kọ ọ́.

Kò pé wákàtí kan tó padà wá, òun nìkan. Àwọn òbí yòókù ti ń wọ mọ́tò. Ó dúró lẹ́bàá ibi tí a ti ń gbé àgọ́ dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá." Okùn àgọ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ́wọ́ wa, òjò ti ń kán, inú sì ń bí mi sí gbogbo ayé. Mo ní, "Màmá, tiyín ti parí. Ẹ máa lọ kí òjò má baà ká yín mọ́ ọ̀nà. Ọkùnrin ni, ẹ jẹ́ kó dàgbà." Àwọn olùrànlọ́wọ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló yíjú padà.

Lẹ́yìn náà ni a yẹ àpótí wò. Òfin mi ni pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi oògùn sọ́wọ́. Òfin tó dára ni, n kò ní kí o yí i padà. Nínú àpótí Dàpọ̀, láàárín gàrí àti ṣúgà, mo rí ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n fi òwú ìránṣọ dì lẹ́nu. Hóró oògùn funfun ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sókè lójú gbogbo wọn.

"Oògùn kí nìyí?"

Ọmọ náà wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Oògùn ibà ni, sà."

"Ṣé ibà ń ṣe ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Bí ibà bá dé, kí o wá gbà á."

Mo sọ ọ́ sínú àpótí oògùn mi, mo tì í. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wá dúró níwájú mi níbi tí mo ti ń jẹun pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ mi méjì. Ó ní, "Sà, oògùn mi." Mo ní, "Ibà ti dé?" Ó wo àwọn méjèèjì tó jókòó tì mí. Ó ní, "Kò tíì dé, sà." Mo ní kó lọ ṣeré. Ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé wọn wá bá mi, ìyá lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi èrò yí ara mi ká ní gbogbo ìgbà tí wọ́n wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ lọ bọ́jú létí odò. Odò náà kò dé orúnkún ọmọdé. Èmi fúnra mi ni mo wọ inú rẹ̀ tí mo fi igi wọ̀n ọ́n, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò léwu. Ibẹ̀ ni àìsàn ti gbé Dàpọ̀ ṣubú, ó dojú délẹ̀ sínú omi. Àwọn ọmọ rí i bó ti ń gbọ̀n, wọ́n rí ìfófòó lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì sá. Wọ́n ti gbọ́ nílé pé ẹni tí itọ́ alárùn yẹn bá kàn yóò kó o. Wọ́n sáré wá pè mí, èmi náà sáré lọ.

Ohun tí n kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí ló kàn. Nígbà tí mo dé etí odò, ọmọ náà ṣì ń gbọ̀n, mo sì dúró. Mo rí ìfófòó náà lójú omi, ẹsẹ̀ mi kò gbé. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn nínú omi. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo fi wọ inú omi tí mo gbé e, ó ti dákẹ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n òkú ni a gbé lọ.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Bàbá Dàpọ̀ dìde, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fi ọmọ mi sí lọ́wọ́, sà. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ṣí ìwé ńlá mi, mo ka ìlà ọmọ rẹ̀ sókè. Mo ní, "Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè níwájú ẹlẹ́rìí. Ara le ló sọ fún mi." Òótọ́ ni, Fẹ́mi. Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà. Inú ohun tí kò sí nínú ìwé ni irọ́ mi wà. N kò sọ pé obìnrin náà padà wá bá mi. N kò sọ ti ọ̀rá oògùn. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti jù ú sínú ṣáláńgá.

Gbogbo ojú yí sí ìyá ọmọ. Ó wò mí, mo rò pé yóò sọ ọ́. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Kí ni yóò wí? Ọkọ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ọmọ ń lo oògùn jókòó síbẹ̀, àwọn ará ìjọ tó jẹ́rìí níwájú wọn jókòó síbẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ẹnu rẹ̀ ló pa ọmọ òun. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ni. Kò pé ọdún kan tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní, "O ṣeun tí o kọ nǹkan sílẹ̀." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bọ́ aṣọ kakí, mo sì sọ ọ̀rọ̀ orúnkún.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìwọ ni ará ẹ̀yìn mi. Gbọ́ mi dáadáa.

Má gbé tábìlì sójú pápá. Wá yàrá. Bí kò bá sí yàrá, ta tapólì kan sí kọ̀rọ̀, kí òbí máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kí àwọn tó kù dúró lọ́nà jíjìn. Á gba àsìkò. Àwọn èèyàn á máa kùn, òjò lè pa wọ́n. Jẹ́ kó pa wọ́n. Má sì bi ìyá kankan pé ṣé ọmọ rẹ̀ ní àìsàn, torí kò ní dá ọ lóhùn. Bi í pé, "Mà, kí lẹ máa ń ṣe fún un láràárọ̀ kó tó jáde nílé? Kí lẹ máa ń ṣe fún un kó tó sùn?" Ìyá lè sẹ́ àìsàn, kì í sábà sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó bá ń ka iṣẹ́ náà fún ọ, àìsàn á jáde fúnra rẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́, má la ojú, má sọ pé "Ha!" Sọ pé, "Ẹ ṣé, mà, a máa bá yín ṣe é bẹ́ẹ̀." Kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí yóò máa wà ní àpò rẹ, kì í ṣe ìwé tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ń ṣí kiri.

Oògùn tí ẹ bá rí nínú àpótí, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹni kẹta níbẹ̀ nígbà tí o bá ń bi ọmọ náà léèrè. Bí ó bá ní ibà ni, tí ara rẹ̀ kò sì gbóná, má gbà á gbọ́. Rán ènìyàn padà sílé wọn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ilé náà tilẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun Ìbàdàn.

Òbí tó bá sì padà wá bá ọ, àní bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin, fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀. Jẹ́ kí okùn já. Jẹ́ kí àgọ́ wó. Dìde, bá a rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi rí ẹnu sọ ọ́. Mo mọ̀ pé sùúrù rẹ kò pọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni o ti jogún rẹ̀, ó sì yẹ kí n ti tọrọ àforíjì lórí ìyẹn náà.

Kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó dé, pe àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ jọ, kí o kọ́ wọn ní ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn kọ́ mi nígbà tó ti pẹ́ jù. Bí wárápá bá gbé ọmọ, kí wọ́n fà á kúrò létí omi tàbí iná kíákíá, kí wọ́n jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀, kí wọ́n tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Kí wọ́n má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Kí wọ́n má sì sá. Ìfófòó yẹn kì í ràn. Omi ẹnu ọmọdé lásán ni. Sọ ọ́ fún wọn títí ẹnu rẹ yóò fi gbẹ, torí ohun tí ìyá àgbà ti sọ fún wọn nílé lágbára púpọ̀.

Bí ohun búburú bá sì ṣẹlẹ̀ láìka gbogbo èyí sí, torí ó lè ṣẹlẹ̀, sọ òótọ́ kí wọ́n tó bi ọ́. Sọ gbogbo rẹ̀, pàápàá èyí tí ìwé kò sọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé ogún ọdún, ó sì ti jẹ mí run. N kò lè sùn bí òjò oṣù kẹjọ bá ń rọ̀. Ìyá rẹ rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá Dàpọ̀ wà ní Ring Road báyìí, yàrá kan pẹ̀lú maṣíìnì ìránṣọ kan, ọmọ kankan kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó dìde níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo dáhùn, mo sì yára kọjá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé mi, kíkọjá mi lọ́jọ́ náà wà lára èyí tó burú jù.

Lọ́la ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ. Lọ́jọ́bọ̀, n ó lọ sí Ring Road, n ó sọ fún obìnrin náà pé mo gba oògùn ọmọ rẹ̀, mo lé òun fúnra rẹ̀ lọ, mo sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní òpùrọ́. Bí ó bá gbà, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀ kí n tún un sọ níbẹ̀. Bí ó bá ní kí n jáde, n ó jáde, èmi nìkan ni yóò sì lọ sọ́dọ̀ wọn. N kò retí pé kó dárí jì mí. Ọmọ rẹ̀ kò ní jí dìde, ilé rẹ̀ tó sì tú, ẹnu mi kò lè tún un kọ́. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ohun tí mo ṣe ni.

Kí Ọlọ́run mú ọwọ́ rẹ dúró, Àkànjí. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ìlà bá gùn tí àwọn èèyàn sì ń kùn, ẹnì kan á bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ láti máa pe àwọn ìyá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Má sọ pé èmi ni. Sọ fún wọn pé aránṣọ kan ni, pé Dàpọ̀ ni orúkọ ọmọ rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ.